Ta Ló Wà Níbẹ̀ Nígbà Tí Wọ́n Ń Kọ́ Ẹ̀rọ Báńkì?

Àkànràn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Ẹ̀gbọ́n ò fi ilé sílẹ̀ rí. Àgbẹ̀ kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣiṣẹ́ báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ darí wálé.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbẹ̀kẹ́, o ti sinmi tó. Sún àga yẹn wá síbí, kí n fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ ọ́. Ìwọ lo mọ inú báńkì nínú gbogbo ilé yìí.

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹgbẹ́ wa fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ tuntun tí a ó máa fi rin ẹ̀gẹ́. Owó díẹ̀ wà nílẹ̀, kò tó. Mo kó ìwé ẹgbẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí báńkì kan ní ìgboro Ìbàdàn. Ọmọ tó dá mi lóhùn níwà, ó bu omi fún mi mu. Ó tẹ orúkọ mi àti nọ́ńbà BVN mi sínú kọ̀ǹpútà, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, sísítẹ́ẹ̀mù ò gbà á." Mo ní kí ló dé? Ó ní kò sọ ìdí. Mo ní kó bá mi pe máníjà. Máníjà jáde, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni òun náà, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó mirí. Ó ní, "Bàbá, òun ló ń pinnu báyìí, kì í ṣe èmi." Owó tí wọn ò yá wa dùn mí, àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé máníjà odindi dúró níwájú mi, kò sì lè sọ ohun tó fà á. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rọ AI ni, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n fi wò yín ò ṣòroó yé. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ti yáwó rí fún un, àtàwọn tó san, àtàwọn tí kò san. Yóò wá ohun tí àwọn tó san fi jọra wọn. Tí ẹ bá wá dé, kò ní bi ara rẹ̀ bóyá olóòótọ́ ni yín. Ohun tí yóò wò ni ẹni tí ẹ jọ nínú àwọn tí òun ti mọ̀. Owó oṣù tó ń wọlé ní ìparí oṣù, àkáǹtì tó ti pẹ́, ìnáwó orí káàdì, owó tí ẹ yá tẹ́lẹ̀ tí ẹ dá padà lásìkò, àwọn nǹkan tó ń wò nìyẹn. Yóò fún yín ní máàkì. Bí máàkì náà ò bá dé ibi tí àwọn ọ̀gá báńkì fààlà sí, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi tí mi ò gba owó oṣù rí láyé mi? Ìgbà tí kòkó bá délẹ̀ lowó gidi ń wọlé. Ìyókù ọdún, owó gàrí ni, láti ọwọ́ dé ọwọ́, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù, alájọ ló ń lọ. Láti ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí a ń fi náírà ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní-POS, tí owó wa wà ní báńkì tí a ò rí i fi jẹun, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ti búra pé owó àwọn ò ní sùn sí báńkì mọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rọ náà ò sì mọ ìyẹn. Àkáǹtì tó gbẹ nìkan ló rí. Kò sí ẹni tí ẹ jọ nínú ìwé rẹ̀. Kò pè yín ní olè o, kò mọ̀ yín ni. Àmọ́ ní báńkì, ẹni tí ẹ̀rọ ò mọ̀ àti ẹni tí kì í san gbèsè, ibì kan náà ni wọ́n ń gbà jáde.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, kí o má lọ rò pé ọ̀tá ẹ̀rọ ni mí. Mo mọ báńkì nígbà tó jẹ́ pé èèyàn ló ń pinnu. Mo ti jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, nítorí pé aṣọ oko ló wà lọ́rùn mi. Ojú mi báyìí ni ẹni tó wọ agbádá ṣe wọlé tí wọ́n ń bá a gbé báàgì. Mo ti bá òṣìṣẹ́ pàdé tó ní kí a kọ́kọ́ rí òun kí ìwé wa tó kúrò lórí tábìlì. Òmíràn bi mí pé ọmọ ta ni mí n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ ò gba rìbá, kò sì mọ agbádá. Tó bá jẹ́ irú àwọn èèyàn yẹn ni yóò padà sórí àga nígbà tí o bá lé ẹ̀rọ lọ, mo fara mọ́ ẹ̀rọ.

ÀBÚRÒ: Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn, torí mo ti rí oore rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jí nọ́ńbà káàdì rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi ná owó ní òru ní orílẹ̀-èdè tí kò dé rí, ẹ̀rọ ló máa ń dá a dúró kí ẹnikẹ́ni tó jí. Báńkì JPMorgan ní Amẹ́ríkà sọ ní 2017 pé ẹ̀rọ tí àwọn pè ní COIN ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka ìwé àdéhùn owó yíyá tó máa ń gba àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ wọn ní wákàtí 360,000 lọ́dún. Nílé níbí, UBA gbé Leo jáde ní January 2018, tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ lórí Facebook láti fowó ránṣẹ́. Zenith ní ZiVA, Fidelity ní Ivy. Gbogbo ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: àkọsílẹ̀ ta ni wọ́n fi kọ́ èyí tó fún yín ní máàkì?

Ẹ̀GBỌ́N: O ní ti àwọn tó ti yáwó rí.

ÀBÚRÒ: Ta ló yá wọn?

Ẹ̀GBỌ́N: Máníjà ìgbà yẹn.

ÀBÚRÒ: Máníjà tó ń bá alágbádá gbé báàgì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, ẹ ò yáwó, ẹ ò sì sí nínú ìwé. Ẹ̀rọ ò mọ agbádá lóòótọ́, àmọ́ lára àwọn tó wọ̀ ọ́ ló ti kọ́ ohun tó ń pè ní ẹni tó ṣe é fọkàn tán.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà! A jẹ́ pé ìyà ọjọ́ yẹn ni mo tún wọkọ̀ lọ jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

ÀBÚRÒ: Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní November 2019, ọkùnrin kan tí gbogbo ayé kọ̀ǹpútà mọ̀, David Heinemeier Hansson, kọ ọ́ síta pé káàdì Apple, tí báńkì Goldman Sachs ń bójú tó, fún òun ní ìlọ́po 20 iye tó jẹ́ kí ìyàwó òun lè yá. Àwọn méjèèjì jọ ń fọwọ́ sí ìwé owó orí kan náà ni. Nígbà tí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́, èsì kan náà ni: ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bí ti máníjà mi gẹ́lẹ́. Kí ni ìjọba wá ṣe?

ÀBÚRÒ: Àwọn tó ń ṣọ́ báńkì ní New York yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní March 2021. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé báńkì náà rú òfin tàbí pé ó ya obìnrin sọ́tọ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn tí wọn kì í sọ òpin rẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún sọ pé báńkì ò ṣàlàyé fún oníbàárà bó ti yẹ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Báńkì tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀, bó bá tilẹ̀ jàre, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: O ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ́. Ǹjẹ́ ìwọ gan-an rí ibi tí ẹ̀rọ ti ṣi nǹkan mú?

ÀBÚRÒ: Mo rí i, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Báńkì tí mo bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ka wa ló ń yẹ àwọn àkáǹtì tí ẹ̀rọ bá fura sí wò. Ní ọjọ́ kan, ó kó òkìtì orúkọ wá. Àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tó fi fura sí wọn ni pé lóṣooṣù, èèyàn bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá ń fi iye kan náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ẹni náà ń kó gbogbo rẹ̀ jáde. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ ní bí àwọn tó ń fọ owó jìbìtì ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Fọ owó kẹ̀? Èésú ni!

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ báàlúù rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Nínú yàrá tí a wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àfi èmi. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà kàwé gan-an, wọn ò sì burú. Wọn ò rí èésú rí ni. Lójú wọn, ẹni tó bá fẹ́ fowó pamọ́, òun àti báńkì rẹ̀ ni. Pé èèyàn méjìlá lè fọkàn tán ara wọn láìtọwọ́ bọ̀wé, kò sí níbi tí wọ́n ti kàwé.

Ẹ̀GBỌ́N: O sì sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Mo dákẹ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí, ẹ̀gbọ́n mi, torí pé gbogbo báńkì ló ń kọ ọ́ sára ògiri báyìí pé tẹrútọmọ ni yóò rí àyè níbi iṣẹ́ àwọn. Mo wà níbẹ̀, àwọ̀ mi wà nínú fọ́tò tí wọ́n ń gbé sójú ìwé, àmọ́ ẹnu mi ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá tí a ní tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípàdé, yóò sọ èrò rẹ̀ tán, yóò wá bi wá bóyá a ní ohun tí a fẹ́ fi kún un. Ta ló fẹ́ fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé níbí náà, tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé á panu mọ́. Ọ̀gá obìnrin kan ló wá gba ipò náà. Òun kì í sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ bi, ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà ni yóò tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó kàn mí, ó dárúkọ mi, ó ní, "O ti ń wo àwọn orúkọ wọ̀nyí láti àárọ̀. Kí lo rí?" Ìgbà yẹn ni mo sọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ẹ̀rọ náà padà fún àwọn tó kọ́ ọ. Wọ́n tún un kọ́. Wọn ò ti àkáǹtì àwọn èèyàn yẹn mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ká ní kò dárúkọ rẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Màá mu tíì mi, màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Wọ́n á sì ti àkáǹtì nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi èésú san owó ilé ìwé ọmọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ yìí gbé mi padà sí nǹkan tí ojú mi rí ní kékeré. O ò tíì gbọ́n nígbà ogun Àgbẹ̀kọ̀yà. Láti 1968 lọ sí 1969. Ìlú wa níbí, Àkànràn, ni orírun rẹ̀, ibí ni Tàfá Adéoyè, olórí wọn, ti jáde. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ló pinnu iye owó orí tí àgbẹ̀ yóò san, wọ́n sì so owó mìíràn mọ́ ọn. Iye owó tí wọ́n ń ra kòkó ò tó nǹkan, agbowó-orí ò bèèrè. Òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, iye kan náà ni. Wolé-wolé ń yọ wá lẹ́nu lọ́tọ̀. Àwọn bàbá wa ní ọgbọ̀n ṣílè làwọn lè san. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ìgbà tí ìbọn dún, tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní September 1969, ni ìjọba Gómìnà Adébáyọ̀ wá mọ̀ pé àgbẹ̀ lẹ́nu. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá Tàfá sọ̀rọ̀ kí nǹkan tó rọlẹ̀, wọ́n sì já owó orí wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì. Èèyàn ti kú kó tó di ọjọ́ yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n wá gbọ́ lẹ́nu Tàfá ní òpin, wọn ì bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ èyíkéyìí ní ọjà Àkànràn, ká ní ẹnì kan bi wọ́n.

ÀBÚRÒ: Iye kan náà fún gbogbo èèyàn, láìwo oko rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì sọ ọ́ tán. Rédíò ń sọ fún wa pé obìnrin ló ń darí báńkì báyìí. O ní ọ̀gá obìnrin ló jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. Àwọn tiwa ńkọ́? Wọ́n ti gorí àga, sísítẹ́ẹ̀mù ò sì gbà fún mi.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti gorí àga lóòótọ́, kò sì ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Ní 2012, nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi ń darí Báńkì Àpapọ̀, òun àti àwọn olórí báńkì fẹnu kò pé tó bá fi máa di 2014, obìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ 30 nínú 100 ní ìgbìmọ̀ olùdarí, kí wọ́n sì jẹ́ 40 nínú 100 láàárín àwọn ọ̀gá àgbà. Ní 2021, Miriam Olusanya di olórí GTBank, Yemisi Edun di ti FCMB, Nneka Onyeali-Ikpe di ti Fidelity. Ní 2024, ó kan Adaora Umeoji ní Zenith, Yetunde Oni sì ní Union Bank. Ohun ńlá ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ka ìṣirò ní Ẹgbẹ́dá àti Mọ́níyà ń rí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣùgbọ́n?

ÀBÚRÒ: Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, tó mọ ìyá eléépo àti bàbá onígàrí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì gan-an. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n fún báńkì, owó wọn kéré, wọ́n sì lè ní kí wọ́n máa lọ lọ́la. Ọmọ tó bu omi fún yín yẹn, ó mọ̀ dájú pé ẹ lè san owó náà. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Bí olórí báńkì bá jẹ́ obìnrin tí ọmọ yẹn ò sì lẹ́nu, ẹ̀rọ ò ní gbọ́ nípa yín láéláé. Èmi máa ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè nílé iṣẹ́ kí n tó wo ẹni tó wà lórí àga.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn wọn náà wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ gíláàsì, tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo, tó máa ń há èèyàn mọ́ àárín. Akápò wa tẹ́lẹ̀ ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ìta ni wọ́n ti ń dá a lóhùn, lábẹ́ oòrùn, owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 ti sọ pé irú ìyẹn ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí abirùn mọ́, wọ́n sì fún àwọn ilé tí èrò ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún ti kọjá. Ojú sì lẹ fi rí ilẹ̀kùn yẹn o. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò rí i. Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, rí i nígbà tó ń kàwé ní MIT pé ẹ̀rọ tó yẹ kó dá ojú èèyàn mọ̀ ò rí ojú òun, àfi ìgbà tóun gbé ìbòjú funfun wọ̀. Ní 2018, òun àti Timnit Gebru dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta wò, èyí tó ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lọ́dọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn ò pé ẹyọ kan nínú 100. Lọ́dọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú, èyí tó burú jù nínú wọn ṣi bíi 35 mú nínú 100. Ojú ni báńkì fi ń ṣí àkáǹtì lórí fóònù báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ni ojú. Ìka ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbé BVN dé ní 2014, màmá kan níbí tẹ̀ka títí, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ tó ti ń bó láti ìgbà ọmọge ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán. Iṣẹ́ tó fi wá owó tó fẹ́ gbé wá fún wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á.

ÀBÚRÒ: Ẹ kọ èyí yẹn sílẹ̀, a ó lò ó.

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà tí àwọn báńkì òyìnbó ń ṣe irú èyí fún àwọn bàbá wa, àwọn bàbá wa dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ni.

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni. Akinọlá Májà, Doherty àti Subair dá National Bank sílẹ̀ ní 1933, torí pé àwọn báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò aláwọ̀ dúdú lówó. Agbọ́nmágbẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1945, òun ló di Wema. Wema ló wá gbé ALAT jáde ní 2017, báńkì tó jẹ́ orí fóònù pátápátá. Ilé tí a kọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tiwa, àwa náà la gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ká mi lára. Mi ò retí pé Lọ́ńdọ̀nù á mọ èésú. Èyí tó wà nílé ò gbọdọ̀ má mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ mi àbíkẹ́yìn fẹ́ kàwé báńkì. Ṣé iṣẹ́ ṣì máa wà?

ÀBÚRÒ: Yóò wà, kò ní pọ̀ bíi tẹ́lẹ̀. DBS ní Singapore sọ ní 2025 pé àwọn ò ní nílò òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó tó 4,000 mọ́ láàárín ọdún mẹ́ta nítorí AI. Commonwealth Bank ní Ọsirélíà ní tirẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ 45 máa lọ lọ́dún kan náà, pé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ti ń gba ìpè oníbàárà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní irọ́ ni, ìpè ń pọ̀ sí i ni, àwọn ọ̀gá gan-an ti ń bá wọn gbé fóònù. Ní August báńkì náà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó tọrọ àforíjì. Àwọn tó ń gbé fóònù mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ náà, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ẹ̀rọ léèrè ìdí.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi náà fẹ́ bi í. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

ÀBÚRÒ: Òfin wà lẹ́yìn yín. Èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní June 2023. Abala 37 ni. Ohun tó bá kan èèyàn gbọ̀ngbọ̀n, ó lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ má dá nìkan pinnu rẹ̀. Báńkì lè ní ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ti gba ẹ̀rọ láyè. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè ní kí èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì ta kò ó. Lẹ́tà la ó kọ. A ó so ìwé ẹgbẹ́ mọ́ ọn, iye tí wọ́n ti yá ara wọn, iye tí wọ́n dá padà, ọdún dé ọdún. Ẹ mọ́kàn kúrò lára àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù o. Ní March 2022 ni ìjọba já wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn l'Ékòó, torí pé wọ́n ń kó nọ́ńbà inú fóònù onígbèsè, wọ́n ń fi ránṣẹ́ dójú tì í lọ́dọ̀ àna àti ọ̀rẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ó pé. Kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè sá nínú wa.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé e wá. Àwọn wo ló ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ ń yá lówó?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbìmọ̀. Alága, igbákejì, èmi, akápò, àti bàbá olóòtú.

ÀBÚRÒ: Ọkùnrin márùn-ún. Àwọn wo ló ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń yan gàrí?

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń wá sípàdé.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ń wá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: A máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún un.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ohun tí mo sọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà yìí, ta ló yàn án?

Ẹ̀GBỌ́N: Alága ló rí i ní Bódìjà. Ẹ̀rọ tó lágbára ni.

ÀBÚRÒ: Ṣé ìyá tó máa lò ó ti rí i? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó ibi tí wọ́n ti ń tan án? Ṣé ó gbà pé ẹ̀rọ ló wọ́n àwọn jù, àbí omi, àbí igi ìdáná? Kí lẹ́tà wa tó dé báńkì pé wọn ò bi wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi tiwa.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ní kànga làwọn fẹ́?

ÀBÚRÒ: A jẹ́ pé owó kànga la ó kọ sínú lẹ́tà.

Ẹ̀GBỌ́N: Alága á bínú.

ÀBÚRÒ: Ó lè bínú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti orí ẹni tó kéré jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá bá mi lọ sọ fún alága lálẹ́ yìí.